Dátábéèsì fún ibi ìjíròrò: a gbé MariaDB, PostgreSQL àti SQLite lé ìwọ̀n

Ẹni tó bá fẹ́ dá ibi ìjíròrò sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì sábà máa ń kọ́kọ́ béèrè pé dátábéèsì (ètò tó ń tọ́jú gbogbo ọ̀rọ̀ ibẹ̀) wo ló yára jù. Ìbéèrè yẹn ò burú, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló yẹ kó ṣíwájú. Níbi ìjíròrò, àwọn tó ń kà pọ̀ ju àwọn tó ń kọ lọ fíìfíì, èsì kan ṣoṣo kì í sì í gùn jàn-ànràn jan-anran. Kò sí èyí tí ìyẹn á wọ̀ lọ́rùn nínú àwọn tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn yìí. Ohun tó ń dá wọn lágara ni àwọn iṣẹ́ kéékèèké tí ojú kì í rí: kíka iye ìgbà tí èèyàn ti ṣí àkòrí kan, rírántí ibi tí kálukú kà dé, wíwá ọ̀rọ̀ nínú èsì ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, àti ṣíṣí ojú ewé 2,000 nínú àkòrí tí kò fẹ́ tán. Àwọn nǹkan wọ̀nyí la fi ṣe òṣùwọ̀n.

Ká má fọ̀rọ̀ gùn: bí ẹ bá ń kọ ètò yín fúnra yín, PostgreSQL ni. Bó bá jẹ́ ètò tí àwọn ẹlòmíì ti kọ lẹ fẹ́ lò, ohun tí àwọn tó kọ ọ́ ń lò ni kẹ́ ẹ lò, kódà kó jẹ́ pé òmíì lẹ fẹ́ràn. Nínú irú àwọn ètò bẹ́ẹ̀, XenForo ò gbà ju MySQL àti MariaDB lọ. Discourse ò mọ òmíì yàtọ̀ sí PostgreSQL, pẹ̀lú Redis (dátábéèsì tó ń gbé inú RAM) lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. NodeBB ń gba MongoDB, Redis tàbí PostgreSQL. phpBB ló lawọ́ jù, torí MySQL, MariaDB, PostgreSQL àti SQLite ló ń bá ṣiṣẹ́. Àmọ́ gbígbà yàtọ̀ sí mímọwọ́. Àwọn àfikún tí àwọn èèyàn kọ fún un, orí MySQL ni wọ́n ti sábà máa ń dán an wò. Ẹni tó bá gbé e lọ síbòmíì lè jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó máa bá àléébù kan pàdé, kò sì ní rí ẹni tó máa béèrè ọ̀nà àbáyọ lọ́wọ́ rẹ̀.

MySQL àti MariaDB

Ọdún 1995 ni MySQL jáde. Nígbà tí Oracle ra Sun Microsystems lọ́dún 2010, MySQL bá a lọ bí ẹrù inú ọkọ̀. Michael Widenius, ọ̀kan lára àwọn tó dá a sílẹ̀, ti ya MariaDB kúrò lára rẹ̀ lọ́dún 2009. Ìbejì ni wọ́n nígbà náà. Ní báyìí oníkálukú ti ń ṣe tirẹ̀. Ẹ má rò pé ẹ lè gbé ohun tí mysqldump kó jáde láti inú MySQL 8.0 sínú MariaDB tó ti pẹ́ díẹ̀ kó sì wọlé wẹ́rẹ́: "Unknown collation: 'utf8mb4_0900_ai_ci'" (ọ̀nà ìto lẹ́tà tí kò mọ̀) ló máa ki yín káàbọ̀.

Àǹfààní rẹ̀ tó hàn sí gbogbo èèyàn ni pé kò fi bẹ́ẹ̀ sí ilé-iṣẹ́ tó ń yá èèyàn láàyè lórí sáfà tí kì í fún un ní ọ̀kan nínú méjèèjì. Èyí tí kò hàn bẹ́ẹ̀ ló wúlò jù fún ìjíròrò. InnoDB, ẹ̀rọ ìpamọ́ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, máa ń to àwọn ìlà inú tábìlì sórí díìsì bí primary key (ohun tó ń dá ìlà kọ̀ọ̀kan mọ̀) ṣe tò wọ́n. Bí primary key bá jẹ́ (akori_id, esi_id), gbogbo èsì inú àkòrí kan á jókòó ti ara wọn. Pálí kan, ìyẹn ìwọ̀n tí InnoDB ń kà lẹ́ẹ̀kan láti orí díìsì, jẹ́ 16KB. Bí èsì kọ̀ọ̀kan bá tó 1.5KB, èsì 20 tí òǹkàwé fẹ́ rí á wà nínú pálí méjì sí mẹ́ta. Bó bá jẹ́ esi_id nìkan ni key, ogún èsì yẹn lè fọ́n ká sí pálí 20. Ẹ rántí fi KEY (esi_id) kún un lọ́tọ̀, torí InnoDB kì í gba AUTO_INCREMENT (nọ́ńbà tó ń fúnra rẹ̀ pọ̀ sí i) tí kò bá ṣíwájú nínú atọ́ka (index, tó ń mú kí wíwá ìlà yára) kankan. Ẹ má sì fi UUID (nọ́ńbà ìdánimọ̀ gígùn) tí wọ́n ṣẹ́ bí ẹní ṣẹ́ kèké ṣe primary key níbí: ìlà tuntun kọ̀ọ̀kan á máa já wọ àárín pálí tó ti kún, á là á sí méjì, gbogbo atọ́ka yòókù á sì tún máa ru UUID yẹn kiri.

Ibi tí MySQL ti ṣe àwọn èèyàn bí ọṣẹ ṣe ń ṣojú ni ọ̀rọ̀ lẹ́tà. Ohun tó ń pè ní utf8 kì í ṣe UTF-8 pípé. Báìtì mẹ́ta ni ààyè tó ní fún àmì kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ báìtì mẹ́rin ni emoji ń gbà. Ká ní ẹnì kan kọ èsì onípínrọ̀ mẹ́fà, tó fi ojú tó ń rẹ́rìn-ín parí pínrọ̀ kejì. Bí sql_mode (ètò tó ń pinnu bí MySQL ṣe le tó lórí àṣìṣe) ò bá le, MySQL á tọ́jú pínrọ̀ méjì àkọ́kọ́ dé ibi emoji yẹn, á ju mẹ́rin tó kù nù, ìkìlọ̀ lásán tí ẹnikẹ́ni ò kà ni yóò sì kọ sílẹ̀. Bí sql_mode bá le, error 1366 ló máa yọ, gbogbo èsì náà ò sì ní wọlé. utf8mb4 ni oògùn rẹ̀:

ALTER TABLE esi CONVERT TO CHARACTER SET utf8mb4;

Ṣùgbọ́n tábìlì nìkan kọ́ ni kẹ́ ẹ yí o. Okùn tó so ètò yín mọ́ dátábéèsì náà gbọ́dọ̀ sọ utf8mb4, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àmì ìbéèrè lásán ló máa wọlé dípò emoji. Lórí tábìlì àtijọ́, error 1071 lè dá yín dúró, torí atọ́ka lórí VARCHAR(255) á wá gba báìtì 1,020, nígbà tí ààlà àtijọ́ jẹ́ 767. ROW_FORMAT=DYNAMIC ló ń gbé ààlà yẹn lọ sí 3,072. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi ń rí VARCHAR(191) kiri inú ètò àwọn èèyàn: 191 lọ́nà mẹ́rin jẹ́ 764.

Ẹni tó ń kọ Yorùbá tún ní tirẹ̀ láti wò. Àkékúrú "ai" tó wà nínú utf8mb4_0900_ai_ci ń sọ pé kò ka àmì sí. Lójú rẹ̀, oko, ọkọ àti ọkọ̀ kò yàtọ̀ síra. Fún wíwá ọ̀rọ̀, ìyẹn dára gan-an, torí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fi àmì sórí ohun tí wọ́n ń wá. Fún orúkọ tí èèyàn fi ń wọlé, ẹni tó bá kọ́kọ́ gba "Ọkọ̀" ti dí ọ̀nà mọ́ "oko" nìyẹn. Kẹ́ ẹ pinnu èyí kí tábìlì tó kún, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Wíwá ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ kò ju kó-má-baà-sí lọ. FULLTEXT, atọ́ka ìwá ọ̀rọ̀ inú InnoDB, kì í tọ́ka sí ọ̀rọ̀ tí lẹ́tà rẹ̀ kò bá tó mẹ́ta, nítorí náà "wá" àti "lọ" ò sí lójú rẹ̀ rárá. Ẹ lè sọ innodb_ft_min_token_size di 2, kẹ́ ẹ tún sáfà gbé dìde, kẹ́ ẹ sì pa atọ́ka náà rẹ́, kẹ́ ẹ tún un kọ. Ó tún ní ọ̀rọ̀ 36 tó ń fojú fò, tí "de" àti "la" wà lára wọn.

Bó bá jẹ́ ibi ìjíròrò tó ti pẹ́ lẹ jogún, ohun àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa wò ni bóyá MyISAM, ẹ̀rọ ìpamọ́ àtijọ́ MySQL, ṣì wà níbẹ̀. Títí di MySQL 5.5, òun ni MySQL máa ń lò bí ẹ ò bá dárúkọ òmíì, ìgbéga ẹ̀dà kì í sì í yí tábìlì tó ti wà tẹ́lẹ̀ padà. Bí ẹnì kan bá ń kọ, MyISAM á ti gbogbo tábìlì pa mọ́ àwọn yòókù. Bí iná bá lọ lójijì, REPAIR TABLE lẹ máa fi bẹ̀rẹ̀ òwúrọ̀ ọjọ́ kejì.

SELECT table_name FROM information_schema.tables WHERE engine = 'MyISAM' AND table_schema = 'ijiroro';

Innodb_buffer_pool_size (RAM tí InnoDB fi ń rántí ohun tó ti kà) tó bá a wá látilẹ̀ jẹ́ 128MB. Lórí sáfà tí RAM rẹ̀ jẹ́ 4GB, tí ètò ìjíròrò náà ń bá a gbé ibẹ̀, 1.5GB bójú mu.

PostgreSQL

Inú iṣẹ́ ìwádìí POSTGRES tí Michael Stonebraker darí ní Yunifásítì California ní Berkeley láti 1986 ló ti wá. 1996 ló gba orúkọ tó ń jẹ́ lónìí. Ohun tó jẹ́ ká gbé e ṣáájú ni pé ó ń ṣe nǹkan mẹ́ta dáadáa lẹ́ẹ̀kan náà. Èkíní, ẹ lè fi òpó kún tábìlì, kẹ́ ẹ yí atọ́ka padà, kẹ́ ẹ sì fagi lé gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ROLLBACK bí nǹkan bá dojú rú láàárín. Ní MySQL, ALTER TABLE kì í padà sẹ́yìn. Èkejì, atọ́ka rẹ̀ lè bo apá kan tábìlì péré, fún àpẹẹrẹ èsì tí alábòójútó ò tíì pa rẹ́. Ẹ̀kẹta ni wíwá ọ̀rọ̀, ibẹ̀ ló sì ti ta àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yọ:

ALTER TABLE esi ADD COLUMN fun_wiwa tsvector
GENERATED ALWAYS AS (to_tsvector('simple', ara_oro)) STORED;
CREATE INDEX esi_wiwa ON esi USING gin (fun_wiwa);

'simple' tó wà níbẹ̀ ṣe kókó. Bí ẹ bá fi 'english' síbẹ̀, ó máa gé ìparí ọ̀rọ̀ Yorùbá bí ẹni pé Gẹ̀ẹ́sì ni. Bí ẹ ò bá kọ ohunkóhun síbẹ̀, PostgreSQL á ní "generation expression is not immutable", á sì kọ̀ jálẹ̀. Bákan náà ló máa kọ̀ bí ẹ bá ki unaccent bọ inú rẹ̀ ní tààrà láti yọ àmì ohùn kúrò. Trigger (iṣẹ́ tí dátábéèsì ń ṣe fúnra rẹ̀ nígbà tí ìlà bá wọlé) lẹ máa fi ṣe ìyẹn. ALTER TABLE yìí máa tún gbogbo tábìlì kọ, kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kà tàbí kọ títí tó fi máa parí. Lórí tábìlì èsì mílíọ̀nù mẹ́wàá, òru ni iṣẹ́ yẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ fi websearch_to_tsquery gba ohun tí òǹkàwé tẹ̀, torí kì í bínú sí àmì ọ̀rọ̀ tí kò pé bí to_tsquery ṣe ń bínú. Ibi tó ti máa ń lọ́ra ni ts_rank, tó ń to èsì bí wọ́n ṣe bá ohun tí wọ́n ń wá mu sí: bí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń wá bá wà nínú èsì 300,000, ó gbọ́dọ̀ yẹ gbogbo wọn wò kó tó lè to mẹ́wàá àkọ́kọ́. Bí ẹ bá to èsì sílẹ̀ láti orí tuntun, ọ̀pọ̀ òǹkàwé ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé kò sí ts_rank níbẹ̀.

Wàyí o, àléébù rẹ̀. PostgreSQL kì í pa ìlà àtijọ́ rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá yí nọ́ńbà kan péré padà nínú ìlà, ó máa kọ odindi ìlà tuntun, á sì fi òkú ti àtijọ́ sílẹ̀ fún VACUUM, agbálẹ̀ rẹ̀, láti wá gbé. Ẹ wá wo ibi ìjíròrò tó jẹ́ pé gbogbo ìgbà tí ẹnikẹ́ni bá ṣí àkòrí ló ń ṣe èyí:

UPDATE akori SET iye_iwo = iye_iwo + 1 WHERE id = 4127;

Kíkà ti di kíkọ nìyẹn. Ọgọ́rùn-ún èèyàn tó kàn wá wo nǹkan fi òkú ìlà 100 sílẹ̀. Autovacuum, ìyẹn VACUUM tó ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀, kì í sì í jí títí òkú ìlà yóò fi lé ní 50 pẹ̀lú ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún tábìlì náà. Fún àkòrí 500,000, òkú 100,050 ni yóò kọ́kọ́ jọ. Tábìlì á wú, atọ́ka á wú, ojú ewé àkọ́kọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀, èèyàn á sì rò pé sáfà ló kéré. Ọ̀nà àbáyọ pọ̀. Èyí tó rọrùn jù ni kẹ́ ẹ sọ agbálẹ̀ náà di olójú tó ń tètè ríran:

ALTER TABLE akori SET (autovacuum_vacuum_scale_factor = 0.02, fillfactor = 80);

Pẹ̀lú 0.02, òkú 10,050 ti tó láti jí i. Fillfactor 80 ń fi àyè sílẹ̀ nínú pálí kí ìlà tuntun lè jókòó ti àtijọ́ láìfọwọ́ kan atọ́ka, bí iye_iwo fúnra rẹ̀ kò bá ti sí nínú atọ́ka kankan. Ẹni tó bá lọ ṣe atọ́ka lórí iye_iwo torí àtito "àkòrí tó gbajúmọ̀" ti fọwọ́ ara rẹ̀ ba àǹfààní yẹn jẹ́. Èyí tó dára jù ni kẹ́ ẹ máa ka ìwò sínú Redis tàbí sínú RAM ètò yín, kẹ́ ẹ sì da gbogbo rẹ̀ sínú dátábéèsì lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Bí sáfà bá kú, ìwò ìṣẹ́jú kan ló sọnù. Ta ló máa sunkún ìyẹn?

Ìkejì ni pé okùn kọ̀ọ̀kan tó bá so ètò mọ́ PostgreSQL ní iṣẹ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀ lórí ẹ̀rọ, iye wọn kò sì lè ju 100 lọ bí ẹ ò bá yí i. Àwọn èèyàn máa ń gbé e lọ sí 1,000, RAM á tán. PgBouncer (ètò tó ń pín okùn fún àwọn tó nílò rẹ̀) ni kẹ́ ẹ fi sáàárín, kẹ́ ẹ jẹ́ kí ogún okùn máa ṣiṣẹ́ fún gbogbo ilé. Shared_buffers, irú ààyè RAM bẹ́ẹ̀ fún PostgreSQL, náà ń bẹ̀rẹ̀ láti 128MB. Ìdá kan nínú mẹ́rin RAM ni ká kọ́kọ́ fún un.

Ìkẹta kò ṣe gbogbo èèyàn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣe kì í gbàgbé. PostgreSQL sábà máa ń gba bí wọ́n ṣe ń to lẹ́tà lọ́wọ́ ètò ẹ̀rọ tó gbé e dúró. Ní glibc (àkójọ kóòdù tí ọ̀pọ̀ Linux ń lò) 2.28, tó jáde lọ́dún 2018, ìtòlẹ́sẹẹsẹ yẹn yí padà. Àwọn tó gbé Linux wọn ga láìṣe REINDEX (àtúnkọ atọ́ka) rí i pé atọ́ka lórí orúkọ ti di irọ́: orúkọ wà níbẹ̀, àmọ́ wíwá ò rí i, ẹlòmíì sì lè fi orúkọ kan náà forúkọ sílẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ yí Linux padà, REINDEX DATABASE gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e.

Ìgbéga láti ẹ̀dà ńlá kan sí òmíì náà ò rọrùn tó ti MySQL. Ẹ̀dà 16 kì í ṣí fáìlì ẹ̀dà 15. Ó di pg_upgrade tàbí kẹ́ ẹ kó gbogbo rẹ̀ jáde kẹ́ ẹ tún un kó wọlé. Ẹni tó kọ postgres:latest (ẹ̀dà tuntun jù) sínú Docker, ètò tó ń gbé ètò mìíràn dúró, á jí lọ́jọ́ kan, dátábéèsì ò ní dìde. Ẹ kọ nọ́ńbà ẹ̀dà síbẹ̀.

SQLite

Wọ́n ń fojú di í jù. D. Richard Hipp ló kọ ọ́, ó jáde lọ́dún 2000, fáìlì kan ṣoṣo sì ni gbogbo dátábéèsì. Ẹnì kan péré ló lè kọ nǹkan sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pa á tì. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ ná: bí kíkọ kan bá gba ìdá márùn-ún nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá, 200 ló lè wọlé láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ibi ìjíròrò tí èsì 200 ń wọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan kì í ṣe ibi kékeré rárá. Àwọn ìlà mẹ́rin yìí ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀:

PRAGMA journal_mode = WAL;
PRAGMA synchronous = NORMAL;
PRAGMA busy_timeout = 5000;
PRAGMA foreign_keys = ON;

WAL ń jẹ́ kí àwọn tó ń kà máa kà lọ nígbà tí ẹnì kan ń kọ. Òun nìkan ló ń dúró sínú fáìlì. Mẹ́ta yòókù, ẹ gbọ́dọ̀ tún wọn sọ ní gbogbo ìgbà tí ètò yín bá ṣí dátábéèsì. Bí "database is locked" bá ṣì ń yọ pẹ̀lú busy_timeout, ẹ wo ibi tí ètò ti ń kọ́kọ́ kà, tó wá fẹ́ kọ nínú iṣẹ́ kan náà: BEGIN IMMEDIATE ló yẹ kó fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ má gbé fáìlì rẹ̀ sórí díìsì tó ń gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọjá, WAL kì í ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ má sì fi cp lásán dà á kọ nígbà tó ń ṣiṣẹ́, torí èsì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé lè ṣì wà nínú fáìlì -wal tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. VACUUM INTO ni kẹ́ ẹ lò. Ibi tí SQLite ń parí sí ni ọjọ́ tẹ́ ẹ bá nílò sáfà kejì.

MongoDB àti Redis

Ohun tó ń fa èèyàn sí MongoDB ni èrò pé àkòrí kan àti gbogbo èsì rẹ̀ lè jẹ́ ìwé kan ṣoṣo. Ó dùn létí. Ìwé kan nínú MongoDB kò gbọ́dọ̀ ju 16MB lọ, àkòrí tí àwọn èèyàn fẹ́ràn jù ló sì máa kọ́kọ́ kọlu ògiri yẹn. Bí ẹ bá wá ya èsì sọ́tọ̀, tẹ́ ẹ sì ń so wọ́n mọ́ àwọn tó kọ wọ́n, ẹ ti ń fọwọ́ ara yín kọ́ tábìlì nìyẹn. Àyàfi bí ètò tẹ́ ẹ yàn bá ti ń lò ó, ẹ fi sílẹ̀. Inú RAM ni Redis ń gbé ní tirẹ̀: ó dára fún kíka ìwò àti fún mímọ ẹni tó wà níbẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́, kì í ṣe fún èsì tẹ́ ẹ ò fẹ́ kó sọnù.

Ohun tó máa ń ṣe gbogbo wọn

Kò sí èyí tí OFFSET (fífo ìlà kí a tó mú èyí tí a fẹ́) kì í pa lára. LIMIT 20 OFFSET 39980 ń ka ìlà 40,000 kó tó fún yín ní ogún. Ẹ jẹ́ kí ojú ewé kọ̀ọ̀kan rántí id èsì tó parí rẹ̀:

SELECT * FROM esi WHERE akori_id = 4127 AND id > 918220 ORDER BY id LIMIT 20;

Pẹ̀lú atọ́ka lórí (akori_id, id), ojú ewé 2,000 á yára bí ojú ewé kìíní. Ohun tẹ́ ẹ máa pàdánù ni bọ́tìnì tó ń fò sí ojú ewé 1,346 gan-an. COUNT(*) náà ń ka ìlà lọ́kọ̀ọ̀kan nínú InnoDB àti PostgreSQL, nítorí náà ẹ tọ́jú iye èsì sínú tábìlì akori, kẹ́ ẹ sì ṣe àtúnṣe rẹ̀ nínú transaction (iṣẹ́ tó ń ṣẹ lápapọ̀ tàbí kó má ṣẹ rárá) kan náà tí èsì fi wọlé.

Ti ibi tí kálukú kà dé tún gba ìṣọ́ra. Èèyàn 10,000 lọ́nà àkòrí 5,000 jẹ́ ìlà 50,000,000 bí ẹ bá ń kọ ti gbogbo wọn. Ẹ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ kan tí gbogbo ohun tó ṣáájú rẹ̀ ti di kíkà, kẹ́ ẹ wá máa kọ ìlà fún èyí tó ṣí lẹ́yìn ọjọ́ náà nìkan.

Fún ẹ̀dà ìpamọ́, pg_dump -Fc fún PostgreSQL, mysqldump --single-transaction fún MySQL (mariadb-dump ni fún MariaDB). Ti ìkejì yìí kò dáàbò bo tábìlì MyISAM o, èsì tó wọlé nígbà tó ń ṣiṣẹ́ lè wà níbì kan kó má sí níbòmíì. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ kó o sínú dátábéèsì òfìfo, kẹ́ ẹ sì ka èsì tó kẹ́yìn nínú rẹ̀.

Bí ẹ bá ń kó kúrò ní MySQL lọ sí PostgreSQL, pgloader ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, títí kan ọjọ́ '0000-00-00' tí PostgreSQL kì í gbà rárá. Ẹni tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ kó o gbọ́dọ̀ sún nọ́ńbà síwájú lẹ́yìn tó bá ti kó o tán, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹni àkọ́kọ́ tó bá fèsì ni yóò kan "duplicate key value violates unique constraint":

SELECT setval(pg_get_serial_sequence('esi', 'id'), (SELECT max(id) FROM esi));